Ẹni Tó Lè Dá Ṣiṣẹ́

Ìyàwó náà lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tán, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wá jókòó sí òdìkejì tábìlì bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́.

“Ṣé o lè dá ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ?” Ó mú kí ohùn rẹ̀ ki bí ti ọkùnrin.

“Mo lè dá ṣe é, sà.”

“Ó tán?” Ìyàwó padà sí ohùn ara rẹ̀. “Ẹnu yín ti wúwo jù! Ẹ fi àpẹẹrẹ tì í. Ẹ sọ ti póńpù.”

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Póńpù wo?”

“Èyí tí ẹ dá tún ṣe níbi iṣẹ́ àtijọ́, tí ẹnikẹ́ni ò rán yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi.”

“Mi ò fẹ́ sọ ìyẹn.”

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o.”

Kò bá a jiyàn mọ́. Iṣẹ́ fífọ inú táǹkì epo ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ ni ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń gbé, torí oúnjẹ ilé ò tó ẹnu mẹ́ta. Bí ọmọ náà bá pè lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi wọ́n: ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá mú òun? Ó ń dun bàbá rẹ̀ wọra. Bí iṣẹ́ tuntun yìí bá bọ́ sí i, ọmọ á padà wálé.

Lọ́jọ́ kejì, èèyàn méjì ló bá nínú yàrá tí wọ́n ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọ̀gá ilé iṣẹ́, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó máa ń tètè rẹ́rìn-ín, wà nídìí tábìlì. Obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

“Ìyáàfin yìí ló ń mójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́ wa,” ni ọ̀gá wí. Obìnrin náà mi orí kí i.

“Kí ló mú ọ kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́?”

“Ilé iṣẹ́ náà ló kógbá sílé, sà. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kú sínú táǹkì, ìjọba sì wá ti ibẹ̀ pa lọ́jọ́ náà gan-an.”

“Ẹ̀yin méjì lẹ jọ máa ń ṣe é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹnì kan bá wọlé, ẹnì kejì á dúró lẹ́nu táǹkì, á di okùn rẹ̀ mú, á sì máa bá a sọ̀rọ̀. Tí kò bá dáhùn, á fà á jáde kíá. Afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ ò gba ìjáfara.”

“Ìwọ lo wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?”

“Èmi ni, sà. Mo fà á, mo fà á, okùn já.” Bó ṣe sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́pàá nìyẹn. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

“Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé o lọ kí ẹbí rẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀, sà. Mi ò mọ ojú tí mo máa fi wò wọ́n.”

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. “Níbí, kì í ṣe inú táǹkì nìkan niṣẹ́ wà. Nígbà mìíràn, ìwọ nìkan lo máa wà nídìí ẹ̀rọ. Ṣé o lè dá ṣiṣẹ́?”

“Mo lè dá ṣe é, sà.”

Ọ̀gá ń retí kó ṣàlàyé. Òógùn ti ń bo ọkùnrin náà lábẹ́ kọ́là. Ó rántí ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ.

“Póńpù kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa àtijọ́, sà. Ó ti bàjẹ́, gbogbo èèyàn ti pa á tì. Mo jókòó tì í láti àárọ̀, mo tú u palẹ̀, mo pààrọ̀ ohun tó ti gbó nínú rẹ̀, mo sì tún un tò. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mi ò gbójú sókè títí omi fi tú jáde.”

“Áà! Wọ́n á ti yìn ọ́ gan-an.”

Ọ̀rọ̀ ti ń dùn lẹ́nu rẹ̀ báyìí. “Ta ló máa yìn mí, sà? Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ti ibẹ̀ pa. Wọn ò tilẹ̀ ráyè bu omi náà fọwọ́.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. “Irú rẹ là ń wá. Ṣé o lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?”

Inú ọkùnrin náà dùn débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti ń ro ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹní ọmọ rẹ̀ sí.

Ìgbà náà ni obìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, tó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: “Ọkọ mi ló kú sínú táǹkì yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ti póńpù náà sọ fún mi.”