Ìṣọ̀lá Pa Kọ̀ǹpútà Dáàmù Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tẹ́tí dáadáa, nítorí ìtàn yìí lè mú yín fò dìde lórí ìjókòó. Ní ìlú Ìdò-Àpáta, níbi tí wọ́n ti sé odò ńlá kan láti fi ṣe dáàmù, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìṣọ̀lá. Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ omi. Ó mọ iṣẹ́ náà dénú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá bí ẹni ń ta ayò. Àléébù kan ló ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé nǹkan ń bàjẹ́, ìbáà jẹ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ.

Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Línúùsì ló ń darí kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tí kì í fi nǹkan pamọ́. Bí wáyà kan bá mì díẹ̀, yóò kọ ọ́ sójú rẹ̀ ní lẹ́tà funfun, yóò sì tún kọ ọ́ sínú fáìlì àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ní àkókò òjò ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá pọ̀. "Wáyà ìwọ̀n omi já. Wáyà ìwọ̀n omi ti padà." Bó ṣe ń kọ ọ́ léraléra nìyẹn, tí yóò sì máa gun orí iṣẹ́ tí Ìṣọ̀lá ń tẹ̀ lọ́wọ́.

"O ti ń rojọ́ jù!" ni Ìṣọ̀lá jágbe mọ́ ọn. Ó tẹ àṣẹ kan, ojú kọ̀ǹpútà sì mọ́ kedere. Ká ní ó dúró síbẹ̀, kò burú, nítorí èèyàn ṣì lè lọ ka fáìlì àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dá fáìlì náà dúró pẹ̀lú, ó ní ṣe ló kàn ń gba àyè. Ara wá tù ú pẹ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, òjò ńlá rọ̀ lápá òkè odò. Mítà mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ń fi hàn, bó ṣe wà láti àárọ̀. Ni fóònù bá dún. Ìyá Rábíù ni, màmá tó ń fi ojú lásán ka àmì tí wọ́n kùn sára òpó inú dáàmù.

"Ọ̀gá Ìṣọ̀lá, omi ti dé ibi pupa o!"

"Ìyá, ẹ tún un wò. Mítà mẹ́rin ni ẹ̀rọ mi sọ."

"Ẹ̀rọ yín ń sọ tiẹ̀, èmi ń sọ ohun tí ojú mi rí! Omi ti ń bo pupa náà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn wà nísàlẹ̀!"

Lóòótọ́ ni. Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ogójì ló wà létídò nísàlẹ̀ dáàmù. Kọ̀ǹpútà ló sì yẹ kó fọn fèrè ìkìlọ̀ fún wọn bí omi bá ti dé ibi pupa.

Ìṣọ̀lá yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí fáìlì àkọsílẹ̀: ìlà tó kẹ́yìn ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá rántí pé kọ̀ǹpútà náà máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ara rẹ̀, kódà bí wọ́n bá pa á lẹ́nu mọ́. Ó pè é jáde. Yàà, ìlà tú síta! "Wáyà ìwọ̀n omi já." Aago mẹ́fà àárọ̀ ni, kò sì padà mọ́; mítà mẹ́rin ti àárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣì ń kà.

"Yéè! Mo mà ti ṣe é!"

Ọwọ́ ló fi tẹ fèrè ìkìlọ̀. Ó ké sí àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tí dáàmù fi ń tú omi tó bá pọ̀ jù sílẹ̀, pé kí wọ́n má tíì ṣí i, ó fò sórí ọ̀kadà, ó di etídò. "Ẹ sá gòkè! Ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀!" Wọ́n sá, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Obìnrin kan yí padà torí ẹ̀rọ tó fi ń fa omi. Ìṣọ̀lá gbá a lọ́wọ́ mú, ó wọ́ ọ dé títì. Wọ́n ka ara wọn. Wọ́n pé! "Ẹ ṣí i!" ló pariwo sínú fóònù. Omi bú ramúramù, ó sì gbá gbogbo oko ẹ̀fọ́ lọ pátápátá. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìṣọ̀lá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Rábíù. "Ẹ má bínú, ìyá mi. Mo ń bá yín jiyàn nígbà tí ẹ̀ ń gba ẹ̀mí là." Kò fi ohun tó ṣe pamọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ nípò fún oṣù mẹ́ta, ó sì lo gbogbo rẹ̀ láti bá àwọn àgbẹ̀ tún ebè kọ. Nígbà tó padà, ó to ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà: kékeré ń lọ sínú fáìlì, ńlá ń jáde sójú, ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sì ń lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹnì kan ṣoṣo má baà lè pa á lẹ́nu mọ́ láé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín lè sọ̀rọ̀ títí yóò fi sú yín. Ẹ ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ mú èyí tó wúwo níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ ìsinmi.