Pósítà Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Ní ọdún 1993, Mọ́wùnmí ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan fún ìdánwò àṣekágbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní Woolwich. Ọjọ́ tí ojú ti bàbá rẹ̀ jù lọ láyé ló fi ṣe ìtàn, kò sì sọ fún bàbá náà.

Obed ni orúkọ bàbá rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, alàgbà sì ni nínú ìjọ Aládùúrà tó ń ṣe ìsìn nínú gbọ̀ngàn kan ní Thamesmead. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn ń bọ́ bàtà sí kí wọ́n tó wọlé. Lọ́jọ́ ìkórè ọdún 1991, nígbà tí Alàgbà Obed jáde, bàtà búráùn tuntun rẹ̀, èyí tó ní irin góòlù lójú, ti di àwátì. Uncle Kenneth, tó ń ṣọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bá a wá a títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tó yá, alàgbà fẹsẹ̀ lásán rìn nínú òjò dé Glyndon Estate níbi tí wọ́n ń gbé, tòun ti sùtánà, àwọn ọmọdé sì ń tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dárúkọ bàtà nínú ilé wọn. Bí Mummy bá fẹ́ ra òmíràn, “èyí tá à ń wọ̀ sẹ́sẹ̀” ló máa ń pè é.

Nínú fíìmù Mọ́wùnmí, baba kan ń wá bàtà rẹ̀ kiri Thamesmead. Ó dé Birchmere Park, ó ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn pẹ́pẹ́yẹ lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá.

Veronica, olùkọ́ wọn, ti kìlọ̀ fún wọn pé ọgọ́rùn-ún àga ló wà níbi tí wọ́n á ti fi fíìmù hàn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó kún, ó ní àwọ̀ kan, àwòrán kan àti ọ̀rọ̀ kan ni kí wọ́n máa lò lórí pósítà wọn níbi gbogbo, kí wọ́n má yí i padà.

Mọ́wùnmí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fẹ́rànmí, tó ya fíìmù náà, mú ìwé yẹ́lò. Fún àwòrán, Mọ́wùnmí yọ fọ́tò ìkórè Daddy nínú álíbọ́ọ̀mù, ó sì gé e láti orúnkún sísàlẹ̀. Ohun tó kù ni etí sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán méjì, tí ọmọ-ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ ọ̀tún gun ìka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí.

“Mọ́, this is mad,” ni Fẹ́rànmí wí. “Tí Daddy ẹ bá rí i ńkọ́?”

“Daddy tìẹ, ṣé o lè dá ẹsẹ̀ wọn mọ̀?”

Fẹ́rànmí ronú. “Nah.”

“Ehn-ehn. Mo ti gé face kúrò. Ta ló ń fi ẹsẹ̀ dá èèyàn mọ̀?”

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n lẹ̀ káàkiri, àfi ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì Daddy ń gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi ìbéèrè kan sí i: Ta ló gbé bàtà mi? Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n fi kún un nísàlẹ̀: Mo ń bọ̀. Friday, aago mẹ́fà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ibi tó máa ti wáyé.

Woolwich dà rú. Ní ọjà, àwọn èèyàn ń bi ara wọn bóyá àwọn ni wọ́n gbé bàtà. Mọ́wùnmí àti Fẹ́rànmí á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi máa ṣe òsúkè.

Thamesmead nìkan ni nǹkan ò ti dán mọ́rán. Bí wọ́n bá lẹ̀ ogún pósítà lónìí, tó bá di ọ̀la, kò ní ku ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, Uncle Kenneth pe Mọ́wùnmí sí kọ̀rọ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

“Mọ́wùnmí, ìwọ tó o wà ní college, àwọn ìwé yẹ́lò yìí, ta ló ń lẹ̀ wọ́n?”

“Mi ò mọ̀, Uncle.”

“Daddy ẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí i?”

“Wọn ò tíì rí i, sà.”

“Ọlọ́run ṣeun,” ni Uncle Kenneth wí. “Má dárúkọ ẹ̀ létí wọn o.”

Inú Mọ́wùnmí dùn dé ẹsẹ̀. Ó ti mọ̀ pé èmi ni, ó ń bò mí láṣìírí, ló rò. Èèyàn rere ni Uncle Kenneth.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọgọ́rùn-ún àga kún, àwọn míì sì dúró. Bí wọ́n ṣe fẹ́ pa iná, Alàgbà Obed wọlé nínú kóòtù, ó jókòó níwájú. Fẹ́rànmí sá sábẹ́ tábìlì. Mọ́wùnmí ò ríbi sá sí.

Nígbà tí baba inú fíìmù ní kí pẹ́pẹ́yẹ kan gbé ẹsẹ̀ sókè kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èjìká Daddy ń gbọ̀n. Mọ́wùnmí rò pé ó ń sunkún ni, omi sì lé sójú òun náà. Nígbà tí wọ́n tan iná, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Daddy, ẹ má bínú.”

Alàgbà Obed nu omijé ẹ̀rín, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta, bàtà búráùn onírin góòlù ló wà níbẹ̀, ó ní, “Kenneth ló dọ̀bálẹ̀ gbé e wá fún mi lánàá, pẹ̀lú àpò ìwé yẹ́lò kan, ó ní kí n jọ̀ọ́ pe àwọn tí mo rán sí òun padà, torí gbogbo ibi tóun bá yíjú sí, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi ló ń wo òun.”