Dókítà Tuntun Ò Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe É

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ dókítà tuntun yìí o!

Kò ju ọmọ àbíkẹ́yìn mi lọ. Kolkata ló ti wá, kò mọ ẹnì kankan ní Ranaghat, ìlú wa.

Orúkọ tí ìyá mi ń pè mí nílé ni mo fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kò tiẹ̀ wojú mi.

Mo ní, "Dókítà Bhowmik tó fẹ̀yìn tì kì í ṣe báyìí. Á kọ́kọ́ di ọwọ́ èèyàn mú, á béèrè ìyàwó ọmọ onítọ̀hún, kó tó kan àìsàn."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ mú apá wá."

Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Háà! Ẹ̀jẹ̀ yín ru kọjá ààlà. Ṣé ẹ ń jẹ iyọ̀ ni?"

"Ìwọ̀nba tí mò ń bù sí gúáfà ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín kẹ́yìn?"

Mo ń wo àjà.

"Bàbá, Dókítà Bhowmik yín yìí ò ṣe iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa."

Inú bí mi. "Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi tọ́jú gbogbo ìlú yìí, nínú yàrá yìí!"

"Ẹ̀yin wá ńkọ́? Kí ló dé tí ò tọ́jú yín?"



Mo ní, "Kò ráyè tara ẹ̀ ni."

Ó wojú mi wàyí. Ó wá dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílẹ̀ wa.

Ó rọra di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó ọmọ yín ńkọ́, Dókítà Bhowmik?"