Àlejò Ilé Onígúáfà

Ọ̀gá ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ àjọ ìrànwọ́ kan ti sọ fún un pé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó sá wá sílùú ni àjọ fi sí ilé onígúáfà, ilé tí igi gúáfà wà lójúde rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọ lu àwọn abúlé ẹ̀bá ẹnubodè, tí ilé ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn tó sá wá sí ti kún àkúnya, ni àjọ ìrànwọ́ ti ń bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n gbà wọ́n sílé. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ọ̀hún ni. Ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ dání, ó kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ṣí i. Agbẹ̀bí ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pàṣẹ fún àwọn tí ìrọbí mú.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Nu ẹsẹ̀ rẹ kó o tó wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà nu ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó jí i. Òun náà ń retí kí wọ́n ní kó wọlé.

"Káfíńtà, èérún pákó ara rẹ ńkọ́?"

"Mo ti gbọn ọ́n dànù, Màmá."

"Ti orí rẹ ńkọ́?"

Ó padà síta lọ gbọn orí.

Pálọ̀ náà kéré. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kan tán, ẹní kan àti ìrọ̀rí sì wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ọmọbìnrin náà kò kúrò lára ẹní ọ̀hún.

"Ta ló ń sùn níbí?"

"Káfíńtà ni," Agbẹ̀bí dáhùn. "Yàrá tó ní fèrèsé tó dáa kò ju ẹyọ kan lọ, èmi ni mo wà ńbẹ̀. Mo ní ká máa pààrọ̀, olóríkunkun kọ̀."

"Ẹ̀yìn mi ti mọ ilẹ̀ náà," ni Káfíńtà wí.

Ọmọbìnrin náà na bùláńkẹ́ẹ̀tì sí i. Agbẹ̀bí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á wò, ó ní ó dáa, ó sì gbé e wọ yàrá lọ. Ọmọbìnrin náà ti pinnu lọ́kàn pé òun máa bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí wọ́n wá ilé mìíràn.

Wọ́n ní kó jókòó jẹun. Agbẹ̀bí fẹ́ mú síbí, dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù há. Ó fà á títí, ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, pàbó. Káfíńtà na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé dúrọ́ọ̀ náà sókè díẹ̀, ó sì fà á jáde láìwo ibẹ̀.

"Ìwà òun àti dúrọ́ọ̀ yìí jọra," ni Agbẹ̀bí sọ fún ọmọbìnrin náà. "Àfi kéèyàn gbé wọn sókè kí wọ́n tó lanu."

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n jẹ. Ọmọbìnrin náà kọjú sí Káfíńtà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Nígbà tí ẹ sá yẹn, ẹ rí nǹkan kan gbé jáde?"

Agbẹ̀bí ló dáhùn. "Rédíò lásán. Kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ kó tó débí."

"Kò burú," ni Káfíńtà wí. "Ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ rẹ̀."

Agbẹ̀bí fi síbí gbá a lọ́wọ́.

"Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ ń rí jẹ dáadáa?"

"Kó tó di pé a jọ ń gbé," Káfíńtà dáhùn, "búrẹ́dì gbígbẹ ni mò ń jẹ, èmi nìkan."

Ọmọbìnrin náà mi orí tàánútàánú. Ó ti gbọ́ nípa ohun tí ojú àwọn èèyàn rí nínú igbó.

Aládùúgbò kan kígbe láti ojú fèrèsé pé, "Káfíńtà, géètì mi tún ti wọ́ o!" Káfíńtà ní òun ń bọ̀. Inú ọmọbìnrin náà dùn pé ará àdúgbò ti tètè gbà á mọ́ra, bó tiẹ̀ ṣe pé orí ilẹ̀ ló ń sùn.

"Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá," ni ó wí. "Ọ̀nà ẹnubodè ti là, àwọn agbébọn ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bọ́ọ̀sì àjọ máa gbé àwọn tó bá fẹ́ padà sílé lọ lọ́la. Wọn ò ní fipá mú ẹnikẹ́ni o."

Káfíńtà gbé síbí sílẹ̀. Agbẹ̀bí dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí wọ́n ṣì ń jẹun lórí rẹ̀.

"Bàbá, inú yín ò dùn ni?"

"Inú mi dùn," ni ọkùnrin náà wí, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún. "Ṣé dandan ni kó jẹ́ ọ̀la?"

"Òmíràn ṣì máa lọ, àmọ́ mi ò mọ ìgbà."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó ń lọ, ṣé ó lè mú ẹlòmíì dání?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti wá yé e. Ó wo Agbẹ̀bí, ó sì tún wo Káfíńtà.

"Àyè wà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ló máa fẹnu ara rẹ̀ bẹ ẹni tó fẹ́ mú dání. Mi ò lè bá a bẹ̀ ẹ́."

Ó wá jókòó, ó ń retí kí Káfíńtà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn Agbẹ̀bí ni Káfíńtà ń wò.

"Káfíńtà, jọ̀ọ́," ni Agbẹ̀bí wí, kò yíjú padà, "àwọn aboyún abúlé mi ń dúró dè mí, àwọn agbébọn yẹn ò sì fi ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀ nílé mi, torí náà ti ilé rẹ yìí pa, kó o kó irinṣẹ́ rẹ, ká jọ máa lọ."