Iyùn Ọ̀gá Ibùdó

Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdó reluwé Ṣábẹ̀, ó ń gé iyùn òkun abẹ̀mí inú àpótí gíláàsì olómi tó fi ń sin ẹja. Iyùn náà rọ̀ bí olú, ó sì ń gbilẹ̀ débi pé ẹja kò ráàyè yíra padà. Ó gé e títí omi fi mọ́ kedere, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ni Ìlọ̀rí, awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin, bá wọlé. Òun ni ọ̀gá ń kó àwọn iyùn tó bá gé fún, pé kó dà wọ́n sókun ní Kútọnu.

“Kámárádì ọ̀gá, ẹ kú oríire.”

“Oríire kí ni?”

“Ohun tó ń bí báyẹn, tí ègé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ń hù di odindi, ta ní í dà á nù? Mo gbà á sìn fún yín bí ẹní gba ewúrẹ́ sìn.” Ó gbé bàsíà ńlá kan kalẹ̀, iyùn kún un dẹ́nu. “Ìpín yín rèé. Ìyókù wà nínú ọkọ̀.”