Ojú-Ìwé Ìdágbére

Ọ̀gá pe Àǹtí Ayàwòrán láàárọ̀.

"Bá mi ya ojú-ìwé tí a máa fi dágbére fún àwọn tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ọ̀gá, ṣé mo wà lára wọn?"

"Tóo bá wà níbẹ̀, ta ni mo máa ní kó yà á? Jẹ́ kó tu ni lára. Kọ ọ́ bóo ṣe máa fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ìwọ náà."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Ó ṣí fáìlì orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kóówá láti ilé tirẹ̀. Ọfà kékeré tó gbé orúkọ dání ló ń fi ẹni tó wà níbẹ̀ hàn.

Aláwọ̀, tó máa ń yan àwọ̀ fún wọn, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà: "Àǹtí, ẹ má fi pupa sí i o. Ẹni tó ń sunkún, ẹ tún fẹ́ finá sí i lójú?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi búlúù sí i.

Ọfà Aláwọ̀ pòórá.

Ti Akọ̀wé, tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ fún wọn, náà pòórá, láìparí gbólóhùn tó ń kọ.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ebi ti ń pa yín ni?"

Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ó kù kó mọ̀ bóyá orúkọ gígùn máa gba ààyè lórí ojú-ìwé náà. Ó tẹ irinṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èyí tó máa ń fa orúkọ wá látinú ìwé tí ọ̀gá kọ orúkọ àwọn tó ń lọ sí.

Mẹ́ta ló jáde.

Aláwọ̀.

Akọ̀wé.

Ìkẹta gùn, àmọ́ ó gba ààyè dáadáa. Orúkọ tí bàbá Àǹtí Ayàwòrán sọ ọ́ ni.

Ó fẹ́ pa á rẹ́. Wọ́n ti ti fáìlì náà mọ́ ọn; ọfà rẹ̀ kò gbé nǹkan kan mọ́.

Ọ̀gá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà: "Ó tu ni lára lóòótọ́. O ṣeun."