Òkùnkùn Lójú Ẹ̀rọ

Apòògùn ilé ìwòsàn dúró ti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ayàwòrán.

Oògùn tí wọ́n ń gún fún un kéré ju eruku lọ: ibi tí jẹjẹrẹ bá sá pamọ́ sí ló ti ń tàn lójú ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà ló ti ń bá a jà.

Lónìí, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn biribiri.

“Jẹjẹrẹ ti tán,” ni dókítà wí. “Kò nílò abẹ́rẹ́ mọ́.”

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa! Àbí ẹ ti ra pósí mi sílẹ̀ ni?”

Apòògùn náà tún wo òkùnkùn ojú ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ ló ta ojúlówó oògùn, tó rọ omi iyọ̀ sínú ìgò, láìwo orúkọ aláìsàn tó wà lára rẹ̀.